Ìbọ̀sẹ̀ Tí O Ní Kí N Fi Máa Jókòó

Òkè-Balógun, Ẹ̀pẹ́.
Ọjọ́rú.

Anwar ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùm. Ara ńkọ́? Ìyàwó wa Hàbíbàt ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ilé yín ní Ìkòròdú níbẹ̀ ńkọ́, ṣé òjò ò tún gba ẹ̀yìnkùlé wọlé? Ọlọ́run Ọba tó jẹ́ ká rí oṣù yìí á jẹ́ ká rí òmíràn, kò ní jẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ mi fẹsẹ̀ kọ níbi tí ẹ ti ń wá oúnjẹ, kò sì ní jẹ́ kí n ká ẹsẹ̀ tèmi jọ sójú kan títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Ṣe àmín síyẹn kó o tó ka ìyókù. Ẹni tó mú ìwé yìí wá ṣeé fọkàn tán. Ó ní òun ò ní wọlé, òun á dúró níta títí o ó fi kà á tán, nítorí náà má lé e lọ, sọ fún Hàbíbàt kó bu omi tútù sílẹ̀ dè é, kó sì wo ìsàlẹ̀ ìkòkò bóyá oúnjẹ kù.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mo fi ń kọ̀wé nígbà tí fóònù tó o rà fún mi ò tíì bàjẹ́. Ohun tó dé ni pé lórí fóònù, ṣe lo máa ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi. Bí mo bá ti dárúkọ kẹ̀kẹ́ báyìí, wàá ní kí n jọ̀ọ́, wàá ní dókítà ti ní kí n sinmi, kí n tó mí kanlẹ̀ owó fóònù ti tán. Ìwé kì í gbà fún ọmọ kó já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ìyá rẹ̀. Bí o bá ń bá ìwé yìí jiyàn níbi tó o jókòó sí, èmi ò gbọ́.

Gbogbo ilé wà ní àlàáfíà. Ọ̀sà ti kún, ọ̀bọ̀kún ti ń wọlé, èpìyà ò wọ́n bíi tèṣí. Ewúrẹ́ Mùnírátù ará ilé kejì bímọ mẹ́ta, ìkan kú, méjì ń jẹ ewé ilá mi, mo sì ti sọ fún Mùnírátù pé ilá yẹn kì í ṣe ti gbogbo ayé. Orùlé yàrá ẹ̀yìn tó o tún ṣe kò jò mọ́. Ìròyìn ilé parí síbẹ̀, ó kù ọ̀rọ̀ tó wà láàárín èmi pẹ̀lú ẹ.

Lọ́jọ́ Iléyá tó o wá, o wo gìgísẹ̀ mi méjèèjì tó lé omi tó sì bó, o mi orí. O ní ọjọ́ orí ti dé. O ní ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta kì í gun kẹ̀kẹ́ láti Ẹ̀pẹ́ dé Agbówà nítorí pé ó fẹ́ ta ẹja yíyan. O ní tó bá di Sátidé yìí, o máa gbé ọkọ̀ wá, o máa kó kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ lọ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Mi ò fèsì lọ́jọ́ náà nítorí àlejò pọ̀ nílé, ẹran sì wà lórí iná. Èsì rẹ̀ ni mò ń kọ yìí: kẹ̀kẹ́ náà ò lọ síbì kan.

Bàbá rẹ Tìrìmísíyù ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́ yẹn, nígbà tí oyún rẹ pé oṣù mẹ́ta, tí ìyá rẹ̀ ń pariwo lójú fèrèsé. Kẹ̀kẹ́ yẹn ló gbé ẹja tó sanwó iléèwé rẹ. Ó máa ń gbé mi lọ bá àwọn oníbàárà mi lọ́jọ́ tó bá wù mí, mi ò ní bẹ awakọ̀ kankan, ẹnikẹ́ni ò ní bi mí ibi tí mò ń lọ. Ọjọ́ tó bá kúrò nílé ni mo di ìyá arúgbó tí wọ́n ń gbé oúnjẹ wá bá lórí ẹní. Àwọn baba ńlá wa tó kó ẹrù sínú ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n fi Ìsàlẹ̀ Èkó sílẹ̀ wá sí Ẹ̀pẹ́ yìí, kò sí ọmọ wọn tó ní kí wọ́n jókòó.

Nísinsìnyí, ìbọ̀sẹ̀ tó o fi rán awakọ̀ sí mi. O ní o rà á ní Gáréèjì Ìkòròdú lọ́wọ́ àwọn olókìrìkà, o ní kí n máa wọ̀ ọ́ jókòó nínú ilé kí òtútù má bàa wọ eegun mi. Mo dúpẹ́. Mẹ́rin, tọ̀tún tòsì, ni mo bá nínú ọ̀rá náà. Àkọ́kọ́ ní ìka márùn-ún márùn-ún. Mo wò ó títí, mo ní ta ló máa jókòó rán ìka sí ìbọ̀sẹ̀, mo ní ìbọ̀wọ́ ni ọmọ mi rà kún un kí iná má máa jó mi lọ́wọ́. Àánú rẹ ṣe mí, omi tiẹ̀ bọ́ lójú mi díẹ̀. Mo bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo fi ń yí ẹja padà lórí àwọ̀n irin. Kò pẹ́ tí mo fi gbóòórùn ohun tí kì í ṣe ẹja. Ó ti yọ́, ó lẹ̀ mọ́ ọ̀bọ̀kún mẹ́ta, Ọlọ́run ló yọ ọwọ́ mi. Mùnírátù ló wá wo èyí tó kù níbẹ̀ tó ní ìbọ̀sẹ̀ ni, pé òun ti rí irú rẹ̀ lẹ́sẹ̀ òyìnbó kan tó ń sáré lójú títì. Ọ̀bọ̀kún mẹ́ta yẹn, mi ò tíì dárí rẹ̀ jì ọ́.

Ìkejì gùn dé orúnkún, ó nípọn bí aṣọ ìbora, irú èyí tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń wọ̀. Mo wọ̀ ọ́, bàtà kánfáàsì mi kọ̀, kò gba ẹsẹ̀ mọ́. Mo fi ipá ti ẹsẹ̀ wọlé, mo gun kẹ̀kẹ́ dé etí ọ̀sà, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ti kú kí n tó padà. Mo fi wọ́n sílẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn, màá sọ fún ọ níwájú.

Méjì tó kù rí tín-ínrín, wọ́n fà, wọn ò sì ga ju òkè ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Mo yí abẹ́ rẹ̀ wò, mo rí i pé wọ́n kọ 39 sí 42 síbẹ̀. Inú bí mi fún odidi ọjọ́ méjì. Ìyẹn ni pé ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì sí méjìlélógójì nìkan ni wọ́n ṣe é fún, ọmọ mi sì mọ̀ọ́mọ̀ rà á kó lè fi ọjọ́ orí bú mi láì la ẹnu. Mo bá wọ̀ ọ́. Mo wọ̀ ọ́ lójú gbogbo àdúgbò, mo rìn dé mọ́ṣáláṣí, mo rìn dé ọjà, kò sí ọlọ́pàá tó mú mi, ìbọ̀sẹ̀ náà ò sì fún mi níbì kankan. Ẹsẹ̀ ẹni ogójì ọdún ni mo ní, àwọn tó ṣe ìbọ̀sẹ̀ ló jẹ́rìí sí i. Kó o sọ fún dókítà yẹn.

Síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀, nítorí pé gìgísẹ̀ mi bó lóòótọ́, mi ò lè sọ pé kò bó. Mo tọ Ààfáà Àlímì lọ, mo bi wọ́n bóyá mo lè máa fi omi pa orí ìbọ̀sẹ̀ nígbà àlùwàlá, kí n má máa bọ́ ọ lójú ọ̀nà. Ààfáà ní rárá o, ìbọ̀sẹ̀ awọ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún, ti aṣọ gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀, kí omi kan ara. Mo ní ó dáa, pé bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ní Agbówà lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ mi bó, mo wẹ ẹsẹ̀, mo kí ìrun Àyílà, òjò ṣú, mo sì yára fa ìbọ̀sẹ̀ mi wọ̀, mo gbéra. Ààfáà wá bi mí bóyá mo nu ẹsẹ̀ náà kí n tó wọ̀ ọ́.

Anwar, mi ò nù ún. Ìbọ̀sẹ̀ òwú funfun tó o fi lọ iléèwé ni mo wọ̀, ó ti gbòòrò, ó ń ṣẹ́ pọ̀ sí gìgísẹ̀, ó sì ní ojú rírán kan níwájú tó le bí okùn. Òwú mu omi àlùwàlá, ó mu òógùn lé e, kò gbẹ títí mo fi délé, ó sì ń ha mí lẹ́sẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti ń wa kẹ̀kẹ́. Mo ti gbà lọ́kàn ara mi pé ọjọ́ orí ni, nítorí pé ìwọ lo sọ ọ́, o sì ka ìwé. Ọjọ́ orí ò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ni.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń yẹ ìbọ̀sẹ̀ wò bí ẹni ń yẹ ẹja wò. Mo ń fi ìka wá ojú rírán tó le, mo ń wò ó bóyá ó fara mọ́ gìgísẹ̀ láì ṣẹ́ pọ̀, bóyá ọrùn rẹ̀ ò dá àpá sí ẹsẹ̀, mo sì ń bu omi lé e kí n rí bó ṣe ń yára gbẹ sí. Àwọn tín-ínrín méjèèjì gbẹ kí n tó jẹ àgbàdo kan tán. Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, gbogbo àkísà ilé yìí ni mo sì ti fi dán ẹsẹ̀ wò kí n tó mọ èyí tí mo mọ̀. Mo dá ìwé dúró níbí, ẹja ń dúró dè mí.

Agbówà, Ọjọ́bọ̀.

Mo wà nílé Fọláwùmí tó máa ń ra ẹja lọ́wọ́ mi. Ẹja ti tà tán. Fọláwùmí ní kí n bọ́ bàtà kí òun rí ẹsẹ̀ tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ní kó tún un wò. Ó ní òun ti wò ó.

Ọ̀rọ̀ fóònù tó o rà fún mi ńkọ́, èyí tó o ní ó ń ka iye ẹsẹ̀ tí mo bá gbé, tí o sì ń rí i lọ́dọ̀ rẹ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo lọ sí Agbówà tí mo bọ̀, o pè mí, o yìn mí pé mo jókòó dáadáa, pé ẹsẹ̀ ogóje péré ni mo gbé. Inú apẹ̀rẹ̀ ẹja ló wà, báwo ló ṣe fẹ́ rí ẹsẹ̀ mi? Èèyàn kì í jẹ́rìí ohun tí kò ṣojú rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ki ìbọ̀sẹ̀ agbábọ́ọ̀lù bọ ojúgun mi lónìí, mo gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, mo sì ti fóònù bọ inú rẹ̀, kó lè máa wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Iṣẹ́ mìíràn tí mo ní màá sọ nìyẹn.

Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun Alásárì.

Mo kí ìrun Àyílà ní Ìmọ́tà, níwájú ibi tí àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń gbé ìrẹsì máa ń tò sí. Mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀, mo wẹ ẹsẹ̀, mo fi ìnura nù ún láàárín ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan, mo wọ èyí tó gbẹ, mo sì so èyí tó tutù mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ. Bí mo ṣe ṣe ní Alásárì náà nìyẹn. Ẹni tó bá ń kírun lásìkò, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ò ní rin. O ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́fà láti àárọ̀. Fóònù ń gbọ̀n lẹ́sẹ̀ mi bí ẹja àrọ̀, mi ò gbé e, nítorí kò dára kí ọmọ máa bá ojúgun ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bóyá o ti rí iye ẹsẹ̀ tó kà lónìí, àyà rẹ ti já. Má fòyà, èmi ni.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ rèé. Owó epo tó o ti yà sọ́tọ̀ láti wá gbé kẹ̀kẹ́ lọ́la, kó o fún mi, mo fẹ́ fi ra tiúbù ẹ̀yìn kan àti ìbọ̀sẹ̀ tín-ínrín méjì sí i. Yẹ ojú rírán rẹ̀ wò kó o tó sanwó, má rà á ní òwú, má sì ra oníka. Èyí tí wọ́n kọ ọjọ́ orí tó ga ju 42 sí, jẹ́ kó wà níbẹ̀, á ti tóbi jù fún mi.

Ọlọ́run á bù sí i fún ọ, apá rẹ ò ní rọ, ọmọ tìrẹ náà á dàgbà lójú rẹ, á sì bọ̀wọ̀ fún ẹsẹ̀ tó gbé e rìn. Mo dá ìwé yìí dúró láti ti í bọ abẹ́ géètì rẹ báyìí, kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ ni mo fi ara tì. Mo ti bọ́ ìbọ̀sẹ̀ méjèèjì. Jáde wá, kó o wá wo gìgísẹ̀ mi.

Èmi ìyá rẹ,
Mùlíkátù.