Ẹni Tó Pe Ràbíátù Lẹ́yìn Alásárì

Àlàrùba, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá, 2025

Èmi Alhaji Fàsásì Adéyọ̀sọ́lá, Bàbá Àdínì, àgbà oníṣòwò obì ní Ṣàgámù, ẹni tó ti dé Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé, ni mo ń kọ ìwé yìí. Ìyàwó mi, Ìdíátù, jáde láyé ní Àlàmísì tó kọjá. Ọdún méjìdínlọ́gọ́ta la fi gbé pọ̀. Ó bí ọmọ mẹ́rin, ó tọ́jú obì ju ọmọ lọ. Mo ní ọmọọmọ kan, Ṣẹ̀rífù, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Wọ́n lé e nílé ìwé torí ó dúró lẹ́yìn fèrèsé, ó fi ohùn ọ̀gá àgbà kéde ìsinmi, gbogbo kíláàsì sì gba ilé lọ. Ọmọ dáadáa ni. Kò tíì sunkún.

Àlàmísì, 9

Fídáù ọjọ́ kẹjọ. Alhaji ò ráyè, akọ̀wé rẹ̀ ló mú bírò. Alfa ní ẹni tí olóògbé bá ṣẹ̀, kó forí jì í. Gbogbo wọn ní àwọn ti forí jì í. Ta ni Gbàǹja ṣẹ̀? Orúkọ tí mo fún Ìyá àgbà níkọ̀kọ̀ nìyẹn, torí obì gbàǹja tó ń tà. Ó korò lẹ́nu, bó o bá mu omi lé e, ó dùn. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá àwa la ṣẹ̀ ẹ́.

Jímọ̀, 10

Òórùn rẹ̀ ṣì wà ní yàrá obì. Mi ò wọlé.

Sátidé, 11

Mo wọlé, tipátipá. Àǹtí Ràbíátù, àkọ́bí Gbàǹja — Ṣọ́jà ni mò ń pè é, tí kò bá sí nítòsí — ní kí n wá bá òun yí obì. Bí a ò bá yí i, ká pààrọ̀ ewé, á gbóná, kòkòrò á wọ̀ ọ́. Gbàǹja kì í jẹ́ kó pé ọjọ́ mẹ́ta. Bó ṣe ń yí i lá máa bá obì sọ̀rọ̀, èdè Rẹ́mọ tó jinlẹ̀. Nínú gbogbo ọmọọmọ, èmi nìkan ni mo lè sọ ọ́ bíi tiẹ̀. Àwọn tó kù, Yorùbá Èkó ni. Nígbà ayé rẹ̀, màá kọ́kọ́ wúkọ́ díẹ̀ bó ṣe máa ń wúkọ́, màá wá pè, "Ràbí o, wá bá mi gbé e." Ṣọ́jà á sáré dé tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́, á bá èmi lórí àpótí. Gbàǹja á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. "Odídẹrẹ́, kí n tó kú, o ti gba ohùn mi."

Lónìí Ṣọ́jà kò gbójú sókè. Ó ní lọ́jọ́ tí Màámi jáde láyé, lẹ́yìn Alásárì, òun ń fọṣọ, ohùn kan pe òun láti yàrá obì. Lẹ́ẹ̀mẹta. Òun ní, "Ṣẹ̀rífù, jọ̀ọ́, fi mí lọ́rùn sílẹ̀." Òun ò dìde. Ìgbà tí òun gbé ewé wọlé ní Màgáríbì, Màámi ti fẹ̀yìn ti agbọ̀n, ọwọ́ ti tutù.

"Ìwọ lo pè mí, àbí?"

Mo ní mo fẹ́ tọ̀. Mo sá.

Mi ò pè é. Mi ò sí nílé. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní kí n dúró ti Ìyá àgbà, kí n máa bá a gbé agbọ̀n. Wọn ò tíì pe ìrun Àyìlá tí mo ti fo ògiri ẹ̀yìn, ó di Ogijo. Tájù ọ̀rẹ́ mi fẹ́ ká fídíò, kí n ṣe ohùn Alhaji níbẹ̀. A rẹ́rìn-ín dójú ikú.

Sọ́ńdè, 12

Nígbà tí wọ́n lé mi nílé ìwé, Gbàǹja nìkan ni kò bú mi. Ó kó obì méjì sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n sọ èyí tí kòkòrò wà nínú rẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Máa wá lójoojúmọ́, wàá mọ̀ ọ́n." Mo ń lọ o. Eré ni mo lọ ń ṣe. Títí dòní mi ò mọ̀ ọ́n.

Mọ́ńdè, 13

Ṣọ́jà kò jẹun láti Sátidé. Ó kàn ń wò mí. Bí mo bá ní èmi kọ́, á mọ ẹni tó pe òun. Bí mo bá ní èmi ni —

Èmi náà ò jẹun.

Túsìdeè, 14

Ọ̀sán. Alhaji ń jẹun. Ṣọ́jà ti àwo tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bi mí níwájú bàbá rẹ̀. "Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ìwọ ni?"

Mo ní, "Èmi ni, Àǹtí. Mò ń ṣeré ni. Ìyá àgbà ti sùn lọ nígbà yẹn, wọn ò pe ẹnikẹ́ni."

Ó gbá mi létí. Ó tún gbá mi. Ó ní ìyá òun ń kú lọ, èmi ń fi wọ́n ṣeré. Ó ní òun ò gbọdọ̀ gbọ́ ohùn Màámi lẹ́nu mi mọ́ láéláé. Mo ní, bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó wá sunkún, kì í ṣe irú ti ọjọ́ fídáù. Lẹ́yìn náà ó fa àwo mọ́ra, ó jẹun.

Alhaji fọ ọwọ́. "Ó wà nílé lọ́jọ́ yẹn. Mo rí i kí n tó lọ kírun Alásárì."

Alhaji tí kì í purọ́ fún oníbàárà pàápàá. Òun gan-an ló wà lẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà tí mo sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó wo bàtà mi tó kún fún eruku, ó wọlé lọ. Lónìí náà, kò wò mí lójú.

Alhaji kò kọ ọ̀rọ̀ kan sínú ìwé yìí. Kò ní akọ̀wé. Èmi Ṣẹ̀rífù ni mo kọ gbogbo rẹ̀. Mi ò sí nílé. Ìyá àgbà ló pè, lẹ́ẹ̀mẹta.