Kí Ọwọ́ Rẹ Lè Rántí

Bàbá mi tó fi píkọ́ọ̀pù sílẹ̀ fún mi,

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun, ẹ jẹ́ kí n pọ̀ ọ́: ọjọ́ tí ẹ kú, ara tù mí. Mo sunkún ní ṣọ́ọ̀ṣì bí ọmọ ṣe ń sunkún bàbá rẹ̀, àwọn èèyàn ń fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú mi ni pé kò sí ẹni tí yóò tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí ọkọ̀ mọ́.

Mo ṣì ń wa ọkọ̀ náà. Ó ti dípẹtà lábẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pá kékeré tí a fi ń kó o sí fọ́ọ̀wíìlì, kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jọ máa fà á, kò tíì yẹ̀.

Ṣé ẹ rántí ibi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Hyattsville, níbi tí ẹ ti kọ́ mi? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tilé dé nígbà náà, ìwé mẹ́wàá péré ni mo kà. Bí yìnyín bá ti bọ́, ẹ ó gbé àpò gàrí sẹ́yìn ọkọ̀ kí ìdí rẹ̀ lè wúwo, torí ẹ̀yin kọ́ lẹ máa wá fowó ra àpò iyẹ̀pẹ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò. Ìgbà kan, yìnyín yọ́ wọnú àpò, gàrí wú, àpò bẹ́. Ẹ ní a gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ tán. Ó ń rùn bẹntiróòlù. A jẹ ẹ́. Ẹ̀yin ò tọ́ ọ wò.

Nígbàkigbà tí ọkọ̀ bá yọ̀ lọ́wọ́ mi, ẹ ó lé mi sọ̀ kalẹ̀ kí n lọ kó yìnyín kúrò lábẹ́ táyà.

“Bọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn! Fi ọwọ́ lásán kó o, kí ọwọ́ rẹ lè rántí, olódo! Fọ́ọ̀wíìlì á bá ẹ lọ, kò ní bá ẹ dúró. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ń ṣubú, áḿbọ̀sì ẹlẹ́sẹ̀ méjì bíi tìẹ.”

Ẹ ó wá jókòó sínú ọkọ̀, ẹ ó gbé orí lé sítíárìn, èjìká yín á máa mì. Ẹ̀rín ni mo pè é. Mo kórìíra yín nítorí ẹ̀rín yẹn.

Láàárọ̀ àná, mo ń gbé Mofẹ́ ọmọ mi lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, láti ilé wa ní Bowie. Ẹ kò mọ Mofẹ́ ju ọmọ ọwọ́ lọ. Ó ti di obìnrin báyìí. Títì Route 50 funfun báláú. Mo kó ọkọ̀ sí fọ́ọ̀wíìlì. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké ń rá pálá, mo ń kọjá wọn, inú mi ń dùn, mo ń yangàn fún ọmọ pé bàbá mi mọ ọkọ̀ rà. Òyìnbó ni Mofẹ́ máa ń sọ sí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ tó wà níwájú wa pọ́n, Yorùbá ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

“Dádì, ẹ rọra! Ẹ jọ̀ọ́, sà!”

“Panu mọ́! Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi lọ́kọ̀?”

Mo tẹ bíréèkì. Táyà mẹ́rin tó ti ń fà wá bí akọni, kò sí ọ̀kan tó dá wa dúró. Mo yí ọkọ̀ kúrò lẹ́yìn ẹni iwájú, a yọ̀ gbọọrọ, a forí sọ òkìtì yìnyín tí wọ́n ti gbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Kò sí ẹni tó fara pa. Ibẹ̀ ló yẹ kó parí sí.

“Sọ̀ kalẹ̀, lọ kó yìnyín yẹn kúrò lábẹ́ táyà. Fi ọwọ́ lásán kó o, kí ọwọ́ rẹ lè rántí.”

Bàbá, èmi ni mo sọ ọ́. Ìbọ̀wọ́ mi wà nínú àpò ilẹ̀kùn. Ṣọ́bìrì wà lẹ́yìn ọkọ̀.

Mofẹ́ wò mí. “Ẹ̀yin lẹ̀ ń wakọ̀ o, Dádì.”

Ó sọ̀ kalẹ̀ náà. Ó ń kó yìnyín, àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá ń ta omi ẹlẹ́rẹ̀ sí i lára. Èmi jókòó, mo gbé orí lé sítíárìn, èjìká mi ń mì. Kì í ṣe ẹ̀rín. Ẹ̀rù ti bà mí dé egungun.

Ṣé bó ṣe ń ṣe yín náà nìyẹn? Ta ló kọ́ yín lọ́kọ̀ n’Ìbàdàn, kí ló sì fi ọwọ́ tiyín ṣe? Kí ló dé tí ẹ kò fi lè sọ ọ́? Bó bá jẹ́ ẹ̀rù ni, n kò tíì dárí jì yín. Ṣùgbọ́n nígbà tiyín, ọwọ́ tó ṣẹ̀ náà ló jìyà. Lánàá, ọwọ́ mi ló ṣẹ̀, ti ọmọ ló wú. Mo burú jù yín lọ. Ẹ lè rẹ́rìn-ín wàyí.

Nígbà tí a kúrò níbẹ̀, wọ́n ti da iyọ̀ sí títì iwájú, yìnyín ti tán lórí rẹ̀, èmi ò rántí yọ ọkọ̀ kúrò ní fọ́ọ̀wíìlì. Ibi tí a ti ń yà sí Hyattsville, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kérora, ó ń tọ pọ́n-ún pọ́n-ún, àwọn táyà ń bá ara wọn jà. Ẹ ti kìlọ̀ fún mi pé títì tí kò ní yìnyín kì í gba fọ́ọ̀wíìlì, pé yóò fọ́ jíà. Mofẹ́ na ọwọ́ pípọ́n yẹn, ó ti ọ̀pá náà padà sáyè rẹ̀. Kò wò mí. Nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́ àná, ó wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n ní yìnyín tún ń bọ̀. Lọ́la, màá kan ilẹ̀kùn rẹ̀, màá kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ àti ìbọ̀wọ́ mi fún un, màá bẹ̀ ẹ́ kí a jọ lọ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Òun ni yóò wakọ̀. Nígbàkigbà tó bá yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni n ó sọ̀ kalẹ̀ lọ kó yìnyín, pẹ̀lú ọwọ́ lásán.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò fẹ́ jọ yín mọ́.