Bí Ọwọ́ Glenn Ṣe Ṣẹ́

                                                            Ojúlé Kẹrìnlá,
                                                            Òpópónà Tullyard,
                                                            Belfast.
                                                            Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́ oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1991.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Lorna,

Ṣé dáadáa ni mo bá yín? Mo kí Cecil ọkọ yín, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti fi yín lọ́rùn sílẹ̀? Ṣé òtútù Kánádà ò tíì dé? Níbí, òjò náà ni, kò sí ohun tó yí padà. Màmá yín wà. Apá òsì rẹ̀ ò tíì gbé ohun tó wúwo láti ìgbà àìsàn yẹn, ṣùgbọ́n ó jẹ ẹyin méjì pẹ̀lú búrẹ́dì ọ̀dùnkún láàárọ̀ yìí, ó sì bú mi pé ọ̀rá tí mo dà sínú páànù pọ̀ jù. Ẹni tó bá lè bú ènìyàn báyẹn, ara rẹ̀ le.

Ẹ̀gbọ́n, mo ti kí yín tán. Ọ̀rọ̀ tó kù ò dùn, ẹ jókòó kí ẹ tó kà á. Lẹ́tà tí ẹ gbà lọ́wọ́ Glenn lóṣù tó kọjá, tó ní òun já bọ́ láti orí àkàbà níbi iṣẹ́, tí ọwọ́ òun méjèèjì sì ṣẹ́, ẹ ó ti rí i pé kì í ṣe òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Èmi ni. Ó ń sọ, mo ń kọ. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Glenn ò já bọ́ láti orí ohunkóhun. Èmi Mervyn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ni mo fi èékù dígà ṣẹ́ ọwọ́ àbúrò yín, ọ̀tún àti òsì, lọ́jọ́ Ìsinmi kan lóṣù tó kọjá, ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Ọwọ́ tí ẹ máa ń dì mú tí ẹ bá ń mú àwa méjèèjì sọdá títì lọ sílé ìwé náà ni. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Èmi ò ní ogún ọdún tí mo lè fi dúró.

Orin ló dá a sílẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, Glenn tẹ̀lé àwọn kan wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé ijó kan létí òkun, lápá àríwá lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gbé orin jáde. Orin tí kò ní akọrin, tí kò ní onígìtá, tí kò lórí tí kò nídìí lójú tèmi. Gbì, gbì, gbì, gbì, títí ilẹ̀ á fi máa mì. Ó lọ ní Sátidé kan, ó sì padà dé bí ẹni tó ríran ní ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ọjọ́ náà, kásẹ́ẹ̀tì orin yẹn ló ń ké nínú mọ́tò iṣẹ́ wa láti àárọ̀ títí a ó fi gun òrùlé.

Ẹ mọ Roy, ọmọ alápatà, tó ń fọn fèrè nínú ẹgbẹ́ onífèrè wa. Àwa mẹ́ta la jọ ń ṣe iṣẹ́ òrùlé. Roy ò lè fara da orin náà.

“Glenn,” ó ní, “bí bíríkì bá kó sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ ìyá mi, báyìí gẹ́lẹ́ ló máa ń dún. A kì í jó sí i o. Ẹni tó ń tún un ṣe la máa ń pè.”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, Roy fa okùn inú kásẹ́ẹ̀tì náà jáde, ó sì ta á yí ẹnu òrùlé tí a ń ṣe ká bí okùn ìsáṣọ. Glenn kàn fi èékù òòlù gbá a lẹ́nu. Eyín iwájú méjì ló bọ́ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ Roy sì ń ṣàn lórí páànù òrùlé tuntun. Mo wọ àárín wọn kí ẹnikẹ́ni má bàa já bọ́, ìgúnpá ẹnì kan sì fọ́ imú mi. Bí àwa ọ̀rẹ́ ṣe gba ìfẹ́ tó ní sí orin náà nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rín la fi bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà tó yá, ọ̀rọ̀ kúrò lórí ariwo, ó di ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bá jó. Ẹ mọ Wesley, olórí ẹgbẹ́ onífèrè wa. Ohun mìíràn tó jẹ́ olórí rẹ̀ ládùúgbò, Màmá yín mọ̀ ọ́n, kò kàn ní sọ ọ́ lórí fóònù ni. Ó bá Glenn nílé ọtí lọ́jọ́ kan, ó ní òun gbọ́ pé Glenn àti àwọn ọmọ Àgùdà ni wọ́n jọ ń jó létí òkun.

“Iná ibẹ̀ ò mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, Ọ̀gá Wesley,” Glenn ní. “Mi ò rí ìjọ tí ẹnikẹ́ni ń lọ lójú ẹ̀.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wesley gbé ife ọtí rẹ̀, ó sì rọra dà á lé Glenn lórí títí ó fi tán, lẹ́yìn náà ló fi ìdí ife ọ̀hún gbá a létí. Kò sẹ́ni tó dìde. Èmi náà ò dìde.

Ẹ ó béèrè ìdí tí wọn ò fi lé e kúrò nínú ẹgbẹ́. Ìlù ńlá ni. Ọdún mọ́kàndínlógún ni bàbá yín fi gbé ìlù yẹn kọ́rùn kó tó kú, Glenn sì gbà á, kò sì sẹ́ni tó lè lù ú bíi tirẹ̀ ní gbogbo apá ìlú tiwa yìí. Ẹ rántí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe máa ń ta sí ojú awọ ìlù náà láti ọwọ́ bàbá yín tó bá ń lù ú. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí lára Glenn náà.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Keje, ọjọ́ ìwọ́de ọdọọdún àwa Pùròtẹ́sítáǹtì, ẹgbẹ́ wa kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà, níbi tí a ti máa ń lù kíkankíkan kí wọ́n lè gbọ́ wa lórí oúnjẹ wọn. Àwọn ọ̀dọ́ wọn dúró lẹ́yìn àwọn ọlọ́pàá, bíríkì wà lọ́wọ́ wọn. Ìgò kan fò wá, ó fọ́ sórí onífèrè kan, ẹ̀jẹ̀ bo ojú àti ọrùn rẹ̀. Orin dáwọ́ dúró. Glenn nìkan ló ṣì ń lu ìlù. Ẹ̀rù ń bà á, mo rí i lójú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ń wá ohun tó mọ̀. Ohun tó jáde ni gbì, gbì, gbì, gbì.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Àgùdà dá ìlù náà mọ̀. Ó sọ bíríkì rẹ̀ sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Àwọn ọmọbìnrin tiwa náà tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bẹ̀rẹ̀ sí í fò, ọlọ́pàá pẹ̀lú asà wọn wà láàárín bí ẹni tó ṣìnà. Ẹ̀gbọ́n, fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, òkò kankan ò fò lójú títì yẹn. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo gbàgbé ibi tí mo wà.

Wesley fi ọ̀pá àsíá la Glenn lẹ́yìn ọrùn. Glenn ṣubú lé orí ìlù, Wesley sì ń fi bàtà tẹ̀ ẹ́ níhà, bíríkì sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ́tùn-ún lósì. Ènìyàn méje ni wọ́n gbé lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ìyẹn ò dun Wesley. Ohun tó dùn ún ni pé àwọn ọmọ Àgùdà bá wa jó.

Oṣù kan kọjá, ó wá ránṣẹ́ pè mí.

“Orúnkún Glenn méjèèjì ni a ó fọ́,” ó ní. “Ọjọ́ Ìsinmi, aago mẹ́ta, lẹ́yìn gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Ìwọ lo máa ṣe é.”

Mo béèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ èmi.

“Torí o rẹ́rìn-ín.”

Ó ní tí mo bá kọ̀, àwọn oníbọn rẹ̀ tí kì í fi igi ṣe é ló máa wá, wọ́n á sì yà lọ́dọ̀ tèmi náà. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí. Wọ́n á sọ ọjọ́ àti aago fún ènìyàn, òun náà á sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ. Èmi ni mo lọ sọ fún un. Mo bá a níbi tó ti ń fi ṣíbí bu ọbẹ̀ fún Màmá. Mo pè é jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ní kó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Liverpool lálẹ́ ọjọ́ náà.

“Ta ló máa gbé Màmá dé ilé ìwẹ̀?” ó ní. “Wọ́n á sun ilé mọ́ ọn lórí. Aago mélòó lo ní?”

Mo sọ fún un, ó sì padà wọlé lọ bu ọbẹ̀ tó kù fún Màmá.

Ó dé kí aago mẹ́ta tó lù. Ṣòkòtò iṣẹ́ ló wọ̀, èyí tí ọ̀dà ti ta sí. Mo rò pé kò fẹ́ kí ṣòkòtò ijó rẹ̀ bàjẹ́ ni, inú sì bí mi sí i pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló ń rò. Roy wà níbẹ̀ láti di èjìká rẹ̀ mú. Glenn kọjú sí Wesley.

“Ọ̀gá Wesley, ẹsẹ̀ mi ò ṣẹ̀ yín. Ẹsẹ̀ mi ń bá yín rìn lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ ló ṣẹ̀.”

“Ọwọ́ tí o fi ń lu ìlù bàbá ẹ?”

“Òun náà ni.”

“Tá a bá fọ́ ọ, o ò ní lùlù mọ́ láyé ẹ. O ò ní kan òrùlé mọ́. O gbọ́?”

“Mo gbọ́.”

Wesley rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ọmọ náà ti ya wèrè, pé ó kọ ìyà kékeré, ó ní kí wọ́n fi ńlá fún òun. Ohun tí èmi náà rò nìyẹn. Ó ní ó dáa, kí a mú ọwọ́.

Glenn kúnlẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ òsì sórí òkúta ẹnu ọ̀nà. Mo dín agbára ọwọ́ mi kù nígbà àkọ́kọ́. Wesley ní èyí ò kà. Nígbà kejì, mo gbọ́ egungun. Glenn fi eyín di kọ́là rẹ̀ mú, kò pariwo, ojú mi ló ń wò. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọwọ́ ọ̀tún lélẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbá ìyẹn, nígbà kẹta ó ké, igbe tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu àgbàlagbà rí, ìtọ̀ sì rin ṣòkòtò iṣẹ́ náà. Awọ ya, egungun funfun yọ lẹ́bàá àtàǹpàkò. Mo bì sórí bàtà ara mi. Roy ń sunkún. Wesley fún mi ní sìgá.

Mo wa mọ́tò gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ó ní òun já bọ́ láti orí àkàbà, nọ́ọ̀sì sì kọ ọ́ sílẹ̀. Wọn kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ilé yín ni mo ń sùn. Èmi ni mo ń fún Màmá lóúnjẹ, èmi ni mo ń fún Glenn, èmi ni mo ń fá irùngbọ̀n rẹ̀. Fún oṣù kan gbáko, kò dárúkọ ohun tí mo ṣe. Ó kàn máa ń sọ pé tíì mi ò dùn. Mo fẹ́ kó bú mi, kò bú mi. Ó dùn mí ju kó bú mi lọ.

Ní Sátidé tó kọjá, ó ní, “Wá fi mọ́tò gbé mi lọ sétí òkun. Mi ò lè di bẹ́líìtì, mi ò lè gbé ife. Ìwọ lo fà á.”

Mo wọ ṣòkòtò ijó fún un, mo so okùn bàtà rẹ̀. Nínú ilé ijó, ọmọbìnrin Àgùdà kan tó ń jẹ́ Dervla rí símẹ́ǹtì tí wọ́n fi di ọwọ́ rẹ̀, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

“Àkàbà ni,” Glenn ní.

“Ta nìyí?”

“Mervyn, ọ̀rẹ́ mi. Òun ló gbé mi lọ sílé ìwòsàn.”

Mi ò lè gbójú sókè. Ìgbà náà ni orin bẹ̀rẹ̀. Glenn na ọwọ́ funfun méjèèjì sókè, ó sì jó. Ó fò, ó yí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀ pẹ́. Ìgbà náà ló tó yé mi pé kì í ṣe wèrè ló ya lọ́jọ́ yẹn. Ó ti mọ èyí tó lè fi sílẹ̀ àti èyí tí kò lè fi sílẹ̀. Nígbà tí òǹgbẹ gbẹ ẹ́, mo gbé ife omi sí i lẹ́nu, mo sì rí i pé ẹsẹ̀ tèmi náà ń mì sí orin náà.

“Mervyn,” ó ní, “bíríkì ti kó sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ tìẹ náà.”

Ẹnì kan rí wa. Ní Ọjọ́rú, Roy wá dúró sẹ́nu ọ̀nà nínú òjò, kò lè wo ojú mi. Ó ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, aago mẹ́ta, òun ni wọ́n ní kó fọ́ orúnkún mi. Mo ti sọ fún un pé ọwọ́ ni màá mú wá. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé yìí lónìí nìyẹn, nígbà tí mo ṣì lè kọ ọ́. Ìyàwó pásítọ̀ á máa wá gbé Màmá dé ilé ìwẹ̀.

Wọ́n tú símẹ́ǹtì Glenn lánàá. Ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún ò ní ká mọ́ láéláé. Ó ní mẹ́jọ tó kù tó láti gbé ife omi sí mi lẹ́nu.

Ẹ bínú sí mi dáadáa, mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ má bínú. Ẹ má sọ fún Màmá. Ẹ bá mi kí Cecil, ẹ bá mi fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu. Bí lẹ́tà kan bá sì dé lóṣù tó ń bọ̀, tí ẹ ò dá ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ mọ̀, tó ní èmi já bọ́ láti orí àkàbà, ẹ ti mọ̀.

                                                            Èmi ni àbúrò yín tí ẹ fà lọ́wọ́ sọdá títì,
                                                            Mervyn.