Ẹyin Tí Wọ́n Ní Ó Ń Sọ Ọmọ Dolè

Ọjọ́rú, Òkè-Ṣopẹ́n

Màmá, ìyá ọkọ mi, tún gbé e dé lónìí. Àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé, ebi ń pa wọ́n bí nǹkan míì, mo sì gbé ẹyin sísè àti ẹ̀pà síwájú wọn.

"Ìyá Bọ́lá, o fẹ́ sọ àwọn ọmọ yìí dolè! Ọmọ tó bá ti mọ adùn ẹyin, lọ́jọ́ tí kò bá rí i, yóò jí i ni."

Mo kúnlẹ̀, mo ní kí Màmá má bínú. Ṣùgbọ́n mi ò gbé àwo kúrò. Gààrí nìkan làwọn ọmọ yìí ń mu tẹ́lẹ̀, orí iṣẹ́ àṣetiléwá ni wọ́n sì ń sùn sí. Mi ò ṣe ìyẹn mọ́. Kí Màmá fẹjọ́ mi sùn gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó.

Àfi bí Bọ́lá ṣe lanu: "Màmá àgbà, ṣé olè ni Dádì? Ṣebí ẹ̀yin lẹ dín ẹyin fún wọn láàárọ̀."



Ó yẹ kí n bá ọmọ náà wí. Ó yẹ kí n fà á létí. Ẹyin mìíràn ni mo bó fún un.