Kànrìnkàn Lábẹ́ Okùn Gìtá

                                        Nọ́ńbà 17, Ẹ̀yìn Ọjà Kékeré,
                                        Mgbuoba,
                                        Port Harcourt,
                                        Ìpínlẹ̀ Rivers.
                                        Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹta, ọdún 2022.

Ṣùkúrù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ìwọ àti gbogbo ará ilé. Sẹ̀kínátù ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń dùn ún lọ́jọ́ tí a sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn ti gbọ́ ìkìlọ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá wa ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jà bí ẹni pé ó ń gbọ́ wọn? Òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn bí? Àwa níbí ń dúpẹ́. Ọlábísí wà, Ìkẹ́olúwa wà, èédú èéfín epo rọ̀bì tó ń bọ́ láti òkè náà wà. Bí o bá sá aṣọ funfun síta ní Mgbuoba láàárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, o ò ní mọ̀ pé tìrẹ ni. Inú imú wa dúdú bí ìdí ìkòkò. Ṣùgbọ́n má tíì ṣàánú wa, nítorí èédú yẹn wà lára ohun tí mo fẹ́ ròyìn fún ọ.

Mo mọ̀ pé yóò yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ nígbà tí fóònù wà. Ìgbà mẹ́ta ni mo pè ọ́ lóṣù tó kọjá láti sọ ọ̀rọ̀ yìí, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì jẹ́ pé iye tí wọ́n ń ta iṣu ni mo ń bi ọ́. Ìtìjú ni. Ẹni tó ń kọ̀wé kò rí ojú ẹni tó máa kà á, ìyẹn ló fún mi láyà.

Mo purọ́ fún ọ, Ṣùkúrù. Nígbà tí o béèrè ní Kérésì bóyá béèsì Pa Dagogo ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo ní ó wà ní igun pálọ̀, mo tiẹ̀ fi kún un pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún tán ni. Kò sí ní igun kankan. Ó ti tó oṣù márùn-ún nígbà náà tí ó ti bàjẹ́, èmi ni mo sì bà á jẹ́.

Mo mọ̀ pé o ò lè gbàgbé rẹ̀, dọ́bù béèsì ńlá onígi yẹn, tó ga ju èmi àti ìwọ lọ, tí èèyàn á dúró tì bí ẹni ń bá ìyàwó rẹ̀ jó. Ṣé o rántí bí a ṣe máa ń gbé e wọ gbọ̀ngán Borokiri ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, nígbà tí a wà nínú ẹgbẹ́ olórin Pa? Ìwọ nídìí, èmi lórí. Kò sí ọjọ́ kan tí orí rẹ̀ kò kọlu àtẹ́rígbà gbọ̀ngán yẹn, bó ti wù kí a tẹ̀ ẹ́ tó. Pa Dagogo á wà nínú ilé, wọ́n á gbọ́ ọ, wọ́n á pariwo pé, "Una don kill am again."

Lẹ́yìn tí o padà sílé, tí ojú Pa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn, èmi ni wọ́n gbé béèsì yẹn fún. Wọ́n bí ọmọkùnrin méjì, wọn ò fún wọn. Èmi Akínwándé, atún-ẹ̀rọ-amúlétutù-ṣe tí ìwé rẹ̀ kò kọjá girama, tí wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń bẹ̀rù ìka ara rẹ̀, èmi ni wọ́n fún. Títí di òní n kò mọ ohun tí wọ́n rí. Òfin kan péré ni wọ́n fi lé e: kò gbọdọ̀ sùn nílẹ̀ láé. Wọ́n ní òòró ló fi ń mí.

Ó dúró nílé mi fún ọdún mẹ́tàlá. Ní oṣù keje ọdún tó kọjá, ìyá Ọlábísí wá kí wa láti Ṣágámù. Wọ́n wo béèsì náà títí, wọ́n ní ó dà bí àlejò tí ẹnikẹ́ni kò fún ní ìjókòó, pé àwọn ò lè jẹun níṣojú rẹ̀. Torí kí àna mi lè jẹun, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́yìn àga. Nígbà tí wọ́n ń lọ, gbogbo wa jọ sìn wọ́n dé Ṣágámù, mo sì gbàgbé láti gbé e nàró. Ọjọ́ mẹ́rin la lò. Òjò tó rọ̀ ní Port Harcourt láàárín ọjọ́ mẹ́rin yẹn, ó wọlé dé orúnkún. Nígbà tí a dé, béèsì Pa ti rí bí búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú tíì. Àtè tó mú igi pọ̀ ti yọ́, ọrùn ti yọ kúrò lára. Mo jókòó sínú omi tì í. N kò lè sunkún, n kò lè dìde.

Bí mo ṣe di onírọ́ nìyẹn. Mo kó àwọn igi náà jọ sí ẹ̀yìn ilé, mo fi tapólì bò wọ́n. Nígbàkígbà tí Ibiere, ọmọbìnrin Pa, bá pè, mo ní gbogbo rẹ̀ wà dáadáa.

Ní oṣù kejì, Ibiere fúnra rẹ̀ wá sílé. Ó ní Pa ń kó lọ sí ilé ìdílé wọn ní Buguma, wọn ò sì ní padà wá gbé Port Harcourt mọ́. Ojú wọn ti kú tán, ẹsẹ̀ náà ń ro wọ́n. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ní àwọn fẹ́ kí àwọn tó lọ: kí n gbé béèsì wá sí gbọ̀ngán Borokiri ní ọ̀sán Sátidé, kí n fi gbá orin tí wọ́n fi ń parí eré, kí àwọn gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó dá ọjọ́ fún mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní kò sí wàhálà. Ẹnu mi ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi.

Mo sáré kó àwọn igi lọ sọ́dọ̀ káfíńtà kan. Ó yẹ̀ wọ́n wò síwá sẹ́yìn, ó ní, "Oga, I fit use am do fine cupboard." Mo tún kó wọn padà sílé.

Gìtá béèsì tí mo ń gbá ní ṣọ́ọ̀ṣì ló kù lọ́wọ́ mi. Èrò burúkú kan sọ sí mi lọ́kàn pé ẹni tí kò ríran, etí nìkan la ní láti tàn. Mo sì mọ̀ pé etí Pa ló burú jù láti tàn ní gbogbo ìlú yìí.

Mo kọ́kọ́ lọ ra okùn tuntun. Mo ti rí i bí o ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ó ń dán bí ṣíbí, ó sì dún bí ṣíbí. Mo dá àwọn ti àtijọ́ padà, àwọn tó ti wà lára gìtá yẹn fún ọdún mẹ́jọ, tí òógùn ọwọ́ mi àti èédú ìlú yìí ti dì mọ́. Ohùn náà lọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó rọ̀, ó dà bí àgbàlagbà tó rí àga jókòó. Ohun tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró wa jẹ́ ló tún okùn mi ṣe. Lẹ́yìn náà mo pa ìka tì, ẹran àtàǹpàkò ni mo fi ń fà á, mo sì gbé ọwọ́ sókè dé ibi tí ọrùn gìtá ti pàdé ara rẹ̀, níbi tí okùn ti ń mì jù. Mo yí bọ́tìnì ohùn òkè walẹ̀ pátápátá. Mo gbé àńpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde, sórí àpótí onípákó kí igi lè dá sí ọ̀rọ̀ náà.

Síbẹ̀ kò tíì jọ ọ́. Gìtá a máa fa ohùn gùn, bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde. Béèsì onígi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Á wú, á sọ tirẹ̀, á sì dákẹ́. Mo gé fóòmù lára bẹ́ẹ̀dì tó ti gbó, mo kì í sábẹ́ okùn nídìí gìtá. Ó pa ohùn náà kú pátá, àfi bí ẹni ń lu ìrọ̀rí. Mo gbìyànjú àkísà, mo gbìyànjú bàtà sílípáàsì. Ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí mo máa sọ fún Ibiere, bóyá kí n ní ara mi kò yá.

Lọ́jọ́rú kan, Ọlábísí dé láti ọjà Oil Mill, níbi tó ti ń ta ọṣẹ àti kànrìnkàn, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní sápò. Ó sọ àpò kànrìnkàn sílẹ̀ ní pálọ̀. Èmi náà, bí ìwà mi, n kò lè jókòó sójú kan; mo da ojú gìtá dé ẹnu àpò náà kí n lè lọ mumi. Nígbà tí mo dé, mo gbé e, mo fa okùn kan láìronú. Ọlábísí wà ní kíṣìnì. Ó yọjú, kò wò mí rárá, igun pálọ̀ tó ṣófo ló kọ́kọ́ wò. Ó ní, "Bàbá Ìkẹ́, ta ló gbé béèsì Pa wọlé?"

Mo yí ojú gìtá sí ara mi, mo wò ó. Ìdì kànrìnkàn kan ti há sábẹ́ okùn. Kò pa ohùn bíi ti fóòmù, nítorí afẹ́fẹ́ wà láàárín rẹ̀; ó jẹ́ kí ó wú, ó sì gbà á sílẹ̀ pẹ̀lẹ́.

Ọlábísí rí i, ó káwọ́ lérí. "Ẹ má sọ fún mi pé ọjà mi lẹ kì sínú gìtá."

Mo ní òun ló ki ara rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé obìnrin yẹn jókòó tì mí ní gbogbo ọjọ́ tó kù? Ó kọjú sí ògiri, mò ń gbá a, ó ń sọ pé èyí pẹ́ lẹ́nu jù, èyí kú jù. Ó ń fa kànrìnkàn yọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń tú irun. Lálẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, kò rí àléébù kankan mọ́. Ó kàn ń mi orí sí orin.

Sátidé tó kọjá lọjọ́ náà. Mo tètè dé gbọ̀ngán, mo to gbogbo nǹkan, mo sì bẹ Tamunotonye, onílù wa, kó má dárúkọ gìtá. Ibiere fa Pa lọ́wọ́ wọlé, wọ́n dé fìlà, wọ́n mú ọ̀pá dání. Wọ́n jókòó sórí àga iwájú. Wọ́n bi mí pé, "Akin, e dey?" Mo ní, "E dey, Pa."

Ṣùkúrù, mo gbá a. N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ kí o má pè mí ní afọ́nnu. Láti ogún ọdún tí mo ti ń gbá nǹkan olókùn, n kò tíì gbá a bẹ́ẹ̀ rí. Ìka tí wọ́n ní ó ń bẹ̀rù kò bẹ̀rù. Ilẹ̀ onípákó gbọ̀ngán yẹn ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo rí i tí Pa rọra bọ́ bàtà wọn, tí wọ́n tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí a parí, wọ́n ní, "Again." A tún un gbá. Wọ́n ń fi ẹnu kùn tẹ̀lé mi.

Ó yẹ kí n dúró síbẹ̀. Ọlábísí ti sọ pé kí n dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n o mọ̀ mí, inú mi kì í gbé nǹkan. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo sọ gbogbo rẹ̀, àna mi, òjò, tapólì, káfíńtà. Ibiere fọwọ́ bo ẹnu.

Pa ń yí ọ̀pá wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní, "I don know since wey I sit down. Una no jam door."

Kò kọ́kọ́ yé mi. Wọ́n ní láti ọgbọ̀n ọdún, kò sí ẹni tó gbé nǹkan yẹn wọ ilé yìí rí láìkọlu àtẹ́rígbà. Àwọn ti wà nínú ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngán nígbà tí mo ń kó nǹkan wọlé, àwọn bi Ibiere bóyá mo ti gbé e dé, ó ní èmi ṣì ń to nǹkan. Wọ́n wá ń fetí sí ìró yẹn lẹ́nu ọ̀nà, kò wá. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n ṣì jókòó. Wọ́n ní, "I wan see wetin you go do."

Wọ́n ní kí n gbé e wá. Wọ́n fi ọwọ́ wá a láti orí dé ìdí, títí ìka wọn fi kan nǹkan tó há sábẹ́ okùn. "Na sapo be this?"

"Na sapo, Pa."

Ẹ̀rín pa wọ́n débi tí ikọ́ fi mú wọn. Wọ́n ní ṣé ohun tí àwọn fi ń wẹ Ibiere ní kékeré ni mo fi tan àwọn jẹ. Nígbà tó yá, ojú wọn yí padà. "E pain me, Akin. E pain me well well. But the thing wey I come hear, I hear am." Wọ́n ní kí n gbá a lẹ́ẹ̀kẹta, ní báyìí tí kò sí irọ́ nínú rẹ̀ mọ́. Ìyẹn ló dára jù.

Nígbà tí wọ́n ń jáde, èmi àti Ibiere dì wọ́n mú ní apá méjèèjì. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n dúró. Wọ́n gbé ọ̀pá sókè, wọ́n ń fi wá àtẹ́rígbà títí wọ́n fi rí i, wọ́n sì fi orí ọ̀pá gbá a lẹ́ẹ̀kan, ó dún kó bí orí béèsì. Wọ́n ní, "Ehen. E don comot." Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n lọ sí Buguma.

Mo ti gbé gìtá nàró ní igun pálọ̀. Àna mi ń bọ̀ nígbà Àjíǹde. Wọ́n á jẹun níṣojú rẹ̀.

Bá mi kí Sẹ̀kínátù àti àwọn ọmọ. Bá mi dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá wa, kí o sì ní kí wọ́n fi orí jin rédíò. Ọlábísí kí ọ, ó ní bí o bá fẹ́ kànrìnkàn, òun kò fi fún olórin lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Dárí irọ́ ọjọ́ Kérésì yẹn jì mí.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó máa ń di orí béèsì mú,

Akínwándé