Àga Bàbá Rẹ Nínú Yàrá Onígíláàsì

Gorata ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé ara le, ṣé ò ń rí oúnjẹ gidi jẹ? Àwa ní Moshupa ńkọ́, a dúpẹ́. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ewúrẹ́ onímú funfun bí ìbejì, RraKabo ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ṣì ń wúkọ́, ṣùgbọ́n ikọ́ ò dí i lọ́wọ́ àròyé. Ọlọ́run tó mú ẹ débẹ̀ kò ní fi ẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì jó yí ààrò ká nígbà tí mo kà á pé ẹgbẹ́ yín ló ṣe ipò kìíní, pé iṣẹ́ yín lórí omi kànga ni àwọn àlejò mú láàárín ẹgbẹ́ mọ́kànlá. O wá béèrè pé ta ló gbé àga bàbá rẹ sínú yàrá ìkàwé ilé ìwé yín, ta sì ni ọmọkùnrin gíga tó dúró tì í. Èmi ni mo gbé e wá. Fara balẹ̀ kí n rò ó fún ẹ.

Nígbà tí o sunkún lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, pé wọ́n ti yí aago ìdánwò yín padà, pé gbogbo ẹ̀yin márààrún á ṣì wà nínú rẹ̀ títí di aago mẹ́wàá ààbọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́rú, bẹ́ẹ̀ aago mẹ́wàá lẹ gba yàrá kẹrin láti fi dánra wò kí àwọn àlejò tó dé lọ́sàn-án, àti pé bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá kọjá tí ẹnì kankan nínú ẹgbẹ́ ò dé, ẹ̀rọ á gbé yàrá fún ẹlòmíì, oorun ò kùn mí mọ́. Mo ní irú ẹ̀rọ wo ni kì í gba ẹ̀bẹ̀? Ṣebí ní kgotla tiwa, bí ìlú bá ń pàdé lábẹ́ igi, kálukú ló ń gbé àga rẹ̀ wá láti ilé, ẹni tí àga rẹ̀ bá sì ti wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gba àyè rẹ̀. Mo gbé àga bàbá rẹ, mo bá ọkọ̀ MmaLorato tó ń kó ẹ̀fọ́ lọ sí Gaborone.

Gorata, mo rí nǹkan! Gíláàsì láti òkè délẹ̀. Nínú yàrá tó tẹ̀ lé tiyín, ọmọ mẹ́rin jókòó kojú ara wọn, kálukú tẹjú mọ́ fóònù, ẹnikẹ́ni ò bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n ti jà. Mo kan gíláàsì, mo ní kí wọ́n dárí ji ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Òmíràn ń kọ nǹkan sára ògiri, kò sẹ́ni tó nà án. Lẹ́nu ọ̀nà yàrá kẹrin, tẹlifíṣọ̀n kékeré kan gbé orúkọ rẹ dání. Mo kí i, kò dáhùn. Àga mẹ́fà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló mọ ẹni tó ni wọ́n? Mo gbé tiwa sáàárín, mo jókòó.

Kò pẹ́ ni ọmọkùnrin gíga yẹn, Thuso lorúkọ rẹ̀, kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dé. Ó ní Mma, ẹ má bínú o, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, bí oníyàrá ò bá dé, àwa ló kàn. Mo ní àga oníyàrá ló wà lábẹ́ mi yìí. Ó ní ẹ̀rọ ò mọ àga. Ẹ̀rù bà mí, n ò ní purọ́ fún ẹ. Obìnrin tó ń bójú tó ibi ìkàwé wá dé, ó béèrè bóyá mo wà nínú ẹgbẹ́ Gorata. Mo ní oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni èmi àti Gorata fi jọ wà ní ẹgbẹ́ kan, àwa méjì péré, kí ẹnikẹ́ni tó dara pọ̀ mọ́ wa. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó fọwọ́ kan tẹlifíṣọ̀n náà, iná pupa di aláwọ̀ ewé. A ti borí! Mo kígbe “Pula!”, kí òjò rọ̀, bí a ṣe ń ké e ní kgotla, wọ́n ní kí n dákẹ́, mo tún ké e.

MmaLorato ti ń fun fèrè ọkọ̀ níta, mi ò lè dúró dè ẹ́. Mo fún Thuso ní magwinya tí mo dín fún ẹ, mo ní kó bá mi ṣọ́ àga. Ó jẹ ẹ́ tán, ó sì ṣọ́ ọ. Ọmọ gidi ni, bi í léèrè ilé wọn.

Ohun kan ṣì kù. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ilẹ̀ ni àwa obìnrin ilé wa ń jókòó sí ní kgotla. N kò jókòó sórí àga yẹn rí nígbà ayé bàbá rẹ, n kò sì jókòó sí i látìgbà tó ti lọ. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ bó ṣe rí. Ó dùn mọ́ mi, Gorata.

Nítorí náà, fi àga náà ránṣẹ́ kó dé kí ìpàdé kgotla ti Sátidé tó bẹ̀rẹ̀, kí o sì fi owó awọ màlúù kún un, torí ọ̀kan nínú okùn ìjókòó rẹ̀ já lábẹ́ mi. Bá mi fi fóònù rẹ gba àyè lábẹ́ igi kgotla pẹ̀lú, aago mẹ́jọ, níbi tí ibòji pọ̀ sí, níwájú RraKabo gan-an. Bó bá bi mí pé ta ló ní kí n jókòó sórí àga, màá ní ẹgbẹ́ Gorata ni mí.

Kí òjò máa rọ̀ sójú ọ̀nà rẹ. Ibi tí o bá gbé àga sí, ẹnikẹ́ni ò ní gbé e kúrò.

Èmi ni ìyá rẹ,
MmaGorata