Ẹja Tí Wọ́n Ní Inú Gíláàsì Ni Wọ́n Bí I Sí

Ìyá mi, ẹ kú ojú lọ́nà. Ara mi le.

Inú ló kàn ń bí mi. Madame tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Marcory, ní Abidjan níbí, ń sin ẹja òkun nínú àpótí onígíláàsì ní pálọ̀. Ó rán mi kí n ra méjì sí i, ó sì kìlọ̀ pé èyí tí wọ́n bí sínú gíláàsì ni kí n rà, torí èyí tí wọ́n fi àwọ̀n kó lókun kì í fẹ́ jẹ oúnjẹ gbígbẹ. Ó ní kí ọlọ́jà fún wọn lóúnjẹ lójú mi kí n tó sanwó.

Mi ò ní kó fún wọn. Alhaji Àrìmíyàù ará Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n jọ ń kírun pẹ̀lú bàbá mi nígbà ayé bàbá, ni wọ́n ń ta ẹja náà ní Treichville. Ṣé èmi ni n ó ní kí irú wọn fẹ̀rí hàn mí? Wọ́n ní, "Inú gíláàsì la bí wọn sí, ọmọ mi." Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé ẹja.

Wọn ò jẹun. Ọ̀kan kú lọ́jọ́ kẹta. Madame gbé èkejì fún mi nínú ike, ó ní, "C'est fini, Mustaqeem," pé iṣẹ́ mi ti parí. Ohun tó jẹ́ kí n ráyè kọ̀wé lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́ nìyẹn. Ẹja náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí, ó kọjú sí ara ike, kò fẹnu kan nǹkan kan.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi Fadeelah. Bí ìyàwó Alhaji bá yà sílé, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ má sọ nǹkan kan.

Ẹ ní ṣé mo ń jẹun. Mo ń jẹun, ìyá mi.

Ọmọ yín,
Mustaqeem